Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn tó ń gbé ère onílẹ́tà sí oríta ìlú

Sí ẹ̀yin Alága Ìjọba Ìbílẹ̀, ẹ̀yin Kọmíṣánnà, àti gbogbo ìgbìmọ̀ tó ń buwọ́ lu ìwé iṣẹ́ ère ìgboro nílẹ̀ Yorùbá,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ sì kú ìfaradà ẹnu àwa ará ìlú.

Ọ̀rọ̀ àwọn ère onílẹ́tà la bá wá: àwọn lẹ́tà gàgàrà tí ẹ ń nà ró sí oríta àti ẹnu ibodè, tí wọ́n fi ń kọ orúkọ ìlú tàbí ọ̀rọ̀ ìkíni, tí tọmọdé tàgbà ń dúró síwájú rẹ̀ ya fọ́tò. A ò kórìíra rẹ̀. Ohun tí kò dùn mọ́ wa ni bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń rí lẹ́yìn òjò ọdún méjì: omi ìdógùn-ún ń ṣàn sára kọnkéré, ọ̀dà pupa ti di àwọ̀ òdòdó ṣíṣá, àmì ohùn ti já bọ́, àmì ìsàlẹ̀ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti gé ríbọ́ọ̀nù. Kò sí èyí tó jẹ́ àmúwá Ọlọ́run nínú wọn. Inú ìwé iṣẹ́ tí ẹ buwọ́ lù ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí gbogbo ayé ń wò ṣe irú ère yìí, yálà wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ tàbí wọn ò mọ̀ ọ́n, ni Robert Indiana, ará Amẹ́ríkà. Wọ́n bí i ní 1928 ní ìlú New Castle, ìpínlẹ̀ Indiana. Robert Clark ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní 1958 ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti bí i. Ó kú ní 2018 ní erékùṣù Vinalhaven, ìpínlẹ̀ Maine. Coenties Slip, létí omi ní ìsàlẹ̀ Manhattan, ló ń gbé nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ yí padà. Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ ló pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń wó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń ṣa ìtì igi òrùlé wọn, ó ń nà wọ́n ró bí ère, ó ń kan àgbá kẹ̀kẹ́ onírin mọ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tún rí àwọn páànù idẹ tí wọ́n gé lẹ́tà sí, èyí tí àwọn oníṣòwò ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi ń kọ orúkọ sára àpótí ẹrù. Àwọn páànù yìí ló fi kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú sára igi náà. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àti àwòrán ti di nǹkan kan náà lọ́wọ́ rẹ̀, nínú ọ̀dà àti nínú ère: lẹ́tà kì í ṣe àkọlé lábẹ́ àwòrán mọ́, òun gan-an ni àwòrán.

Ará Abẹ́òkúta kò nílò àlàyé gígùn lórí páànù tí wọ́n gé. Òun náà làwọn ọkùnrin ibẹ̀ fi ń tẹ ẹ̀kọ sára aṣọ adìrẹ. Ẹni tó bá sì ti gé páànù rí mọ̀ pé lẹ́tà tó bá ní ikùn kì í dúró: bí ẹ bá gé A, B, D, O, P tàbí R yípo, ikùn rẹ̀ á já bọ́ sílẹ̀, ihò lásán ni yóò kù. Afárá tẹ́ẹ́rẹ́ la fi ń so ikùn náà mọ́ ara páànù. Fún lẹ́tà tó ga tó 500 mm, afárá tí kò bá fẹ̀ tó 15 mm yóò tẹ̀ kọ́rọ́ nígbà tí wọ́n bá ń fọ ọ̀dà kúrò lára rẹ̀, ìlà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Bí ẹ bá rí ògiri ìjọba tí O orí rẹ̀ dà bí ẹyin tó sán, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ Indiana tí gbogbo ayé mọ̀ ni LOVE. Káàdì Kérésìmesì tí ilé ìṣọnà Museum of Modern Art ní New York ní kó yà fún wọn ní 1965 ló sọ ọ́ di mímọ̀. Ní 1970 ni ère rẹ̀ tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 12 jáde, irin Cor-Ten (irin tí ìdógùn-ún rẹ̀ ń di èèpo bò ó) ni wọ́n fi ṣe é, ní ilé iṣẹ́ Lippincott ní Connecticut; Indianapolis ló wà. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó ní kí ẹnikẹ́ni ṣe irú rẹ̀ fún yín. Lẹ́tà mẹ́rin, méjì lórí méjì. L fara kan O. V fara kan E. Àwọn tòkè jókòó ṣinṣin lórí àwọn tìsàlẹ̀. O tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ojú ń rí bí eré, ti fìdí ti L, ó sì ti ẹsẹ̀ bọlẹ̀ lórí E. Kò sí lẹ́tà kan tó dá dúró. Ọ̀kan ń gbé èkejì ró, ẹwà àti agbára ère náà sì jẹ́ ohun kan ṣoṣo. Agbaṣẹ́ṣe tó bá wo fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù, tó wá fi àlàfo sáàárín àwọn lẹ́tà kí ó lè "mọ́ lójú", ti yọ egungun ẹ̀yìn rẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni wàhálà èdè tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Indiana fẹ́ sọ iṣẹ́ yìí di Hébérù ní 1977, AHAVA tó wà ní Jerúsálẹ́mù, orí bá a ṣe é: lẹ́tà mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ náà ní Hébérù. Hébérù ní àmì fáwẹ̀lì tó ń wà nísàlẹ̀ lẹ́tà, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan kí wọ́n kọ ọ́. AMOR ti èdè Sípéènì, mẹ́rin náà ni. Ẹ wá gbé ÌFẸ́ kalẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta, àmì kan lórí Ì, òmíràn lórí Ẹ́, òmíràn tún wà lábẹ́ rẹ̀. Méjì lórí méjì kò ṣeé ṣe. Bí ẹ bá sì to ọ̀kan lórí èkejì, àmì lẹ́tà ìsàlẹ̀ á fẹ́ wọ inú lẹ́tà òkè. Kí ẹ sì má ṣe gbà fún ẹni tó bá ní kí ẹ yọ àmì kúrò kó lè rọrùn. A ò níí jókòó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń sọ Yorùbá. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí àmì wà nínú yíyà iṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní, kó má jẹ́ ohun tí wọ́n á wá fi gúlúù lẹ̀ mọ́ ọn ní alẹ́ ọjọ́ ìṣíṣọlójú.

Àmì ìsàlẹ̀ ni ká kọ́kọ́ sọ. Bí ère yín bá jẹ́ páálí irin ńlá tí wọ́n gé ọ̀rọ̀ sí nínú, tí iná ń yọ láti ẹ̀yìn, kò sí ìṣòro: ihò ni lẹ́tà, ihò náà ni àmì, kí wọ́n ṣáà lu ú. Ṣùgbọ́n bí àwọn lẹ́tà bá ń dá dúró ní gbangba, àmì tó wà lábẹ́ Ẹ kò ní ohun tó so ó rọ̀. Ọ̀nà méjì ló dára. Èkínní, kí ẹ gbé gbogbo lẹ́tà sórí pèpéle kan, kí ẹ sì jẹ́ kí àmì náà jẹ́ ọ̀pá róbótó tó ti inú pèpéle yọ sókè gbé lẹ́tà náà dúró. Èkejì ló wù wá jù: ẹ lo ìlà òòró kékeré dípò ẹ̀kán. Ó wà nínú ìwé Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ láyé àtijọ́, kò sì sí ẹni tí kò níí lè kà á. Ìlà òòró náà yóò di ẹsẹ̀ tí lẹ́tà fi tẹlẹ̀; àmì tí agbaṣẹ́ṣe ń sá fún yóò wá di òpó ilé. Kí àwọn lẹ́tà tí kò ní àmì jókòó sórí ẹsẹ̀ kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn, kí orí gbogbo wọn lè bára dọ́gba.

Ìwọ̀n rẹ̀ ṣe pàtàkì. Kí fífẹ̀ àmì má dín sí fífẹ̀ ojú ìlà lẹ́tà fúnra rẹ̀. Bí ìlà E bá fẹ̀ tó 300 mm, kí àmì náà tó 300 mm. Àlàfo tó wà láàárín àmì ohùn àti orí lẹ́tà kò gbọdọ̀ dín ní ìdajì èyí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, láti òkèèrè, ojú á pa á pọ̀ mọ́ lẹ́tà. Ọ̀ àti Ṣ ni ẹ ní láti ṣọ́ jù. Ìdí wọn rí róbótó, ibi díẹ̀ ni wọ́n ti fara kan òpó. Wẹ́dà tó bá jó o mọ́ òpó lójú ìfarakanra yẹn nìkan ti dá gbèsè sílẹ̀: àárín ọdún díẹ̀, ìjì á máa mì í, ojú jíjó náà á sán. Kí òpó wọ inú lẹ́tà lọ sókè dé ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ ó kéré tán, kí wọ́n sì fi irin onígun mẹ́ta dì í mọ́ ògiri lẹ́tà láti inú kí wọ́n tó bo ojú rẹ̀.

Àmì ohùn ní tirẹ̀, àwọn ọmọdé ló ń bá a jà. Wọ́n á gun lẹ́tà, wọ́n á di àmì mú. Bí ó bá jẹ́ ọ̀pá kan ṣoṣo ló gbé àmì ró, ọ̀pá náà á yí, àmì ohùn ìsàlẹ̀ á di àmì ohùn òkè láàárín ìsinmi ilé ìwé kan. Ọ̀pá méjì ni kí ẹ béèrè fún, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó 25 mm, kí wọ́n wọ inú lẹ́tà ní 200 mm tàbí jù bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì jó wọn yípo. Òkè àmì kò gbọdọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ jẹ́ kó dà díẹ̀ sẹ́yìn kí omi má dúró síbẹ̀.

Ó kan irin tí wọ́n máa lò. Ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe ti gbọ́ orúkọ Cor-Ten, wọ́n sì ń tà á fún yín bí irin tí kì í dógùn-ún. Irọ́ ni. Irin tó ń dógùn-ún tán lẹ́ẹ̀kan ni, tí ìdógùn-ún náà wá di èèpo tó ń bo ara rẹ̀. Kóòpù, krómíọ̀mù àti níkẹ́ẹ̀lì díẹ̀díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ló ń mú kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí èèpo yẹn tó lè gbà, irin náà gbọ́dọ̀ máa tutù kó sì máa gbẹ, tutù kó tún gbẹ. Níbi tí omi bá dúró sí, tàbí tí iyọ̀ òkun bá wà nínú afẹ́fẹ́, èèpo náà kì í gbà. Jíjẹ ni irin á máa jẹ lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbé Cor-Ten sí Badagry tàbí Lẹ́kí, ẹ má dá a lóhùn. Ìbàdàn tàbí Iléṣà lè gbà á, bí wọ́n bá yà á kí omi lè ṣàn kúrò lára rẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́, omi pupa á máa kán sílẹ̀, kọnkéré funfun á sì fi í ṣe ẹ̀rí títí láé. Òkúta wẹ́wẹ́ ni kí ẹ dà yí ìdí rẹ̀ ká. Ère Indianapolis náà, Indiana fúnra rẹ̀ ló ṣe é, ilé iṣẹ́ tó mọṣẹ́ ló jó o, síbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ní ìta, wọ́n gbé e wọ abẹ́ òrùlé nítorí ohun tí òjò àti ìdógùn-ún ti ṣe sí i.

Alumíníọ̀mù tí wọ́n kùn ló yẹ etí òkun. Ère LOVE ti Philadelphia, alumíníọ̀mù ni. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni ibi tó bá ti pàdé irin: bóòtù irin lásán tó bá kan alumíníọ̀mù nínú òjò iyọ̀, alumíníọ̀mù ni yóò jẹ. Ẹ ní kí wọ́n lo bóòtù irin aláìdógùn-ún, kí wọ́n sì fi rọ́bà tàbí náílọ́ọ̀nù sáàárín. Fáíbà dára fún àmì àti fún àwòrán tí ẹ bá fẹ́ kó bá lẹ́tà rìn, ẹyẹ, ewé, orí ẹranko. Kò dára fún lẹ́tà tí èèyàn máa gùn.

Irin lásán ni ọ̀pọ̀ yín máa rà, bí ẹ ṣe lè fi ìwúwo rẹ̀ yẹ owó rẹ̀ wò la sì lè sọ níhìn-ín. Lẹ́tà I kan tó ga ní 2 m, tó fẹ̀ ní 400 mm, tó jìn ní 600 mm, yóò gba irin pẹlẹbẹ bíi 4.5 m². Bí irin náà bá nípọn ní 3 mm, mítà kan onígun mẹ́rin wúwo tó 23.5 kg, lẹ́tà náà á tó 105 kg láìka irin inú rẹ̀. Ẹ fi èyí yẹ ìwé owó wò. Agbaṣẹ́ṣe tó bá kọ 3 mm, tó wá gbé lẹ́tà tí èèyàn méjì ń gbé lérí wá, 1.5 mm ló lò.

Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tún máa ń gbọ̀n rúgúrúgú lójú bí wọ́n bá jó o láìsinmi. Kí wọ́n jó 50 mm, kí wọ́n fo 150 mm, kí wọ́n bọ́ sí òdìkejì. Bó bá tutù tán ni kí wọ́n padà wá dí àlàfo. Kí ihò 12 mm kan wà níbi tó kéré jù nínú ikùn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á sọ fún yín pé àwọn ti dí i pa, omi kò lè wọlé. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ń tutù lóru, ìrì á sẹ̀ sára irin láti inú, kò sì ní rí ọ̀nà jáde.

Ọ̀dà ló kù. Kí wọ́n fi iyanrìn àti ẹ̀fúùfù fọ irin náà títí yóò fi funfun, kí wọ́n sì kun ọ̀dà onísíńkì sí i lọ́jọ́ náà gan-an, kí ìrì tó bà á. Lẹ́yìn náà ọ̀dà epọ́sì, lẹ́yìn náà ọ̀dà pọliyurétéènì alápá méjì. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ yẹ kó tó nǹkan bí 240 máíkírọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ kékeré kan tó wọ àpò sì wà tí ẹ lè fi wọ̀n ọ́n níṣojú agbaṣẹ́ṣe. Ohun tí a ń rí jù ni bọ́dìfílà, ohun tí wọ́n fi ń dí ibi tó tẹ̀ lára mọ́tò, tí wọ́n lẹ̀ sórí ìdógùn-ún, ọ̀dà mọ́tò tí wọ́n fọ́n sí i lórí. Bọ́dìfílà ń fa omi mu. Á wú, á sán, á ṣí.

Kí ẹ sì kọ nọ́ńbà àwọ̀ sílẹ̀. Àwọn tó tó bẹ́ẹ̀ ti ṣì í: ère Philadelphia dé ìlú náà ní 1976, wọ́n gbé e lọ ní 1978, wọ́n tún dá a padà lọ́dún yẹn. Pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ àlùkò ni ọ̀dà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un kùn ní 1988, búlúù ni wọ́n fi dípò àlùkò. Ó di 2018, nígbà tí wọ́n ṣàtúnṣe rẹ̀, kí àlùkò tó padà síbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni gbogbo ìlú fi ń ya fọ́tò pẹ̀lú àwọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Nọ́ńbà RAL mẹ́ta (nọ́ńbà tí àwọn oníọ̀dà fi ń dárúkọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan) lórí bébà kan ì bá ti tó.

Ìpìlẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹnjiníà yín ni yóò ṣírò rẹ̀. Kí ẹ ṣáà mọ èyí: ìjì tó bá ń sáré 40 m ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń ti mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú agbára tó tó 100 kg. Lẹ́tà I tí a sọ lókè kò lè fi ìwọ̀n ara rẹ̀ nìkan dúró dè é. Kọnkéré 1 m sí 1 m, tó jìn ní 500 mm, wúwo tó 1,200 kg. Ìyẹn àti bóòtù 16 mm mẹ́rin tí wọ́n rì wọ inú rẹ̀ kí sìmẹ́ǹtì tó gbẹ, ibẹ̀ ni ìṣirò lè ti bẹ̀rẹ̀. Bóòtù tí wọ́n lu ihò fún lẹ́yìn tí kọnkéré ti gan, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Iná ńkọ́? Ní 1964, Indiana ṣe EAT, àmì ńlá oníná, sára ilé ìpínlẹ̀ New York níbi àfihàn àgbáyé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa á, nítorí àwọn èèyàn rò pé ilé oúnjẹ ni. Tí ẹ bá ti tan iná sí ọ̀rọ̀, àṣẹ ni lójú ẹni tó ń kọjá. Ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó tan iná sí ọ̀rọ̀ tó bá ní "dúró" nínú lójú ọ̀nà márosẹ̀.

Ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ la fẹ́ fi kún un. LOVE jáde láìní àmì ẹ̀tọ́ (©) lára, òfin Amẹ́ríkà ìgbà náà sì ń béèrè rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni fi ń tẹ̀ ẹ́ sára ife àti ẹ̀wù láìbéèrè. Nígbà tí iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà fi í ṣe sítáńbù ní 1973, 1,000 dọ́là ni wọ́n san fún un, wọ́n sì tẹ èyí tó lé ní 300 mílíọ̀nù. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ tiwa ní Nàìjíríà, ti 2022, kò béèrè àmì kankan kí iṣẹ́ tó ní ààbò, ó sì fún oníṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti rí orúkọ rẹ̀ lára iṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ gómìnà máa ń wà lára ọ̀pọ̀ ère ìgboro. Ẹ wá àyè bíi 100 mm fún orúkọ ẹni tó yà á. Kí ìwé àdéhùn sì sọ ní kedere bóyá ìlú lè fi àwòrán ère náà ta aṣọ tàbí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Nínú ìwé iṣẹ́ tó ń bọ̀, ohun tí à ń tọrọ kò pọ̀. Àwòrán tó fi gbogbo àmì hàn pẹ̀lú ìwọ̀n wọn, kí ẹni tó mọ Yorùbá kọ dáadáa sì fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gé irin. Lẹ́tà kan ṣoṣo ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, kí ó jẹ́ Ẹ́ tàbí Ọ́, kí wọ́n ṣe é tán kí ẹ tó sanwó ìyókù. Bébà nọ́ńbà àwọ̀. Kí ẹ sì di ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà mú títí òjò ọdún kan gbáko á fi rọ̀ kọjá lórí ère, láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá. Kí ẹnjiníà yín àti ẹni tó yà á jọ lọ wò ó, kí wọ́n fi ọwọ́ mi àmì ohùn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wo ihò omi, kí wọ́n wọn ọ̀dà. Bí gbogbo rẹ̀ bá wà bó ṣe yẹ, ẹ sanwó wọn lọ́jọ́ náà.

Àwa wẹ́dà, agbẹ́gilére, akunlé àti akọ̀wé-ara-ọkọ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí